Ohun Tí A Ó Fi Lé Rótìmí Lọ́wọ́

Mọ́ńdè, 13 Jánúárì, 1964. Arámọkọ.

A dé. Ìbàdí ń ro mí bí ẹni tó gbé ọlọ pọ̀n. Láti Iléṣà ni ọ̀nà ti ń yí sọ́tùn-ún, yí sósì, nígbà tí a sì dé àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, Tàjùdéèn tó ń wa ọkọ̀ ń kọrin, èmi ń ka Sáàmù. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run ń bẹ." Mo ní mo mọ̀ pé Ọlọ́run ń bẹ, bíréèkì ni kò dá mi lójú.

Àwa mẹ́ta ni ìjọ rán wá láti Ìbàdàn, pé kí a máa ṣe ìwòsàn káàkiri apá ìhín Èkìtì títí oṣù Fẹ́búárì yóò fi parí. Dókítà wa jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìrìlándì, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Tàjùdéèn jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó ti wakọ̀ míṣọ́nnì pẹ́ débi pé ó mọ orin wa ju àwọn akọrin lọ. Èmi Ayọ̀bọ́lá ni ẹnì kẹta, agbẹ̀bí, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò, Mátírọ́ọ̀nù ní, "Ayọ̀bọ́lá, máa gbọ́ tán kí o tó fèsì." Mo ti ń fèsì kó tó sọ ọ́ tán.

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè gbogbo wa ti là. Ẹyin kan níbí, kọ́bọ̀ méjì. Tọ́rọ́ ni ní Ìbàdàn.

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì. Ikógòsì.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni a tẹ́ tábìlì wa sí. Egbò, sòbìyà, ojú pípọ́n, ikọ́, ikọ́, ikọ́. Àwọn èèyàn yìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ẹ" fún àgbà. Ọmọge kan tí mo lè bí wò mí lójú kòró, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ wá wo ẹsẹ̀ mi." Mo lanu láti bá a wí. Kátíkíìsì Ọlálékan tó gbà wá sílé rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọmọge náà ṣe ń bá bàbá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò sì sí àrífín níbẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń mọ́ mi lára.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Ọmọ́yẹni ló kẹ́yìn. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú ọmọbìnrin jòjòló kan sílẹ̀ lórí tábìlì, kò tíì pé oṣù kan. Ìyá ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ Ọmọ́yẹni fúnra rẹ̀, kú lọ́jọ́ kejì ìkúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Bàbá ọmọ, Rótìmí, wà ní Kùmásì tó ń ṣòwò. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i, ó sì ti dá èsì padà pé òun ń ta ọjà òun, òun ń bọ̀. Bọ́lájí ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi omi pò ni ìyá àgbà ń fún un mu.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí a ṣe. Ó ní, "Ọmọ mi ti lọ, ọ́ fi èyí sílẹ̀. Rótìmí á dé ulé. Kí ni mo á fi lé e lọ́wọ́?"

Dókítà ní kí n fún un ní wàrà inú agolo àti fídà. Mo kọ́ ọ dáadáa: bí yóò ṣe wọn ìyẹ̀fun rẹ̀, bí yóò ṣe fọ fídà, pé omi tó bá sè lórí iná títí tó fi hó nìkan ni kó fi pò ó. Mo ní kó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ, kò fo ọ̀kan. Mo rí i pé wọn kò tíì lu etí ọmọ náà, mo sì béèrè. Ó ní bàbá rẹ̀ ni yóò ra yẹtí bọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 19 Jánúárì. Ikógòsì.

Ẹ̀bá orísun ni Kátíkíìsì ti ṣe ìsìn àárọ̀. Mo ti ń gbọ́ nípa omi yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Omi gbígbóná ń ti ibì kan ṣàn wá, omi tútù ń ti ibòmíràn, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń lọ. Mo ti ẹsẹ̀ kan bọ ìhín, mo ti èkejì bọ ọ̀hún, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọyẹ́ tó ti ń nà mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbàgbé mi fún ìgbà díẹ̀.

Kátíkíìsì wàásù, ó sì dùn. Ó ní, "Ta ló tún ń ṣàníyàn? Ọlọ́run tó ń se omi fún yín nínú ilẹ̀, tí kò béèrè igi ìdáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣé òun ni kò ní tọ́jú yín?" Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Tèmi ló dún jù.

Tàjùdéèn kò bá wa dé ibẹ̀. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ wo omi tí òun kò lè mu.

Ọjọ́bọ̀, 23 Jánúárì. Ará.

Àwọn èèyàn pọ̀ ju ewé lọ. Oògùn ikọ́ ti ń tán. Mo fa eyín ọkùnrin kan, ó ní kí n fún òun, òun fẹ́ fi han ìyàwó òun pé lóòótọ́ ni ó ń dun òun.

Mọ́ńdè, 27 Jánúárì. Ikógòsì.



A padà dé láàárọ̀, mo sì kọjá tààrà sí ilé Ọmọ́yẹni. Bọ́lájí ti gbẹ. Àwújẹ̀ orí rẹ̀ ti jìn, ojú rẹ̀ ti wọlé, ẹkún rẹ̀ kò dún mọ́. Ó ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Agolo wàrà méjì ti ṣófo, nítorí náà kì í ṣe pé wọn kò fún un. Mo ní kí ìyá àgbà po òmíràn kí n rí i.

Ó fọ ọwọ́. Ó fọ fídà. Ó wọn ìyẹ̀fun náà gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wá ṣí ìkòkò tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó bu omi sí i. Ààrò rẹ̀ tutù, eérú àná ló wà níbẹ̀.

"Ìyá, omi wo nìyẹn?"

"Omi orísun wa ni."

"Ṣebí mo ní kí ẹ sè é kó hó?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó béèrè ìdí tí òru fi ń ṣú. "Ọlọ́run ti sè é nínú ilẹ̀. Omi tí Ọlọ́run fi uná tirẹ̀ sè, ìwọ fẹ́ kí mo tún gbé e ka uná tèmi? Uná ta ni ọ́ mọ́ jù?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Mo ní omi náà kò gbóná tó, mo ní ó ti tutù kó tó délé, mo ní ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, kò gbé ohùn sókè rárá, "Kátíkíìsì lọ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwọ nọ́ọ̀sì ṣe Àmín, mo gbọ́ ohùn rẹ."

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí ju ara mi lọ. Ọmọ Abẹ́òkúta, agbẹ̀bí tó ti gba sátífíkéètì, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó ṣe Àmín.

Dókítà ti fa omi oníyọ̀ sí abẹ́ awọ itan ọmọ náà. Ó ní kí a dúró wò ó.

Túsìdeè, 28 Jánúárì.

Ó yè di òní.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì. Ikógòsì.

Ìgbẹ́ náà ti dínkù, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Bọ́lájí ti kọ fídà. Èmi fúnra mi ni mo ń se omi, tí mo ń pò ó, tí mo ń fi síbi kán an sí i lẹ́nu. Ó ń pọ̀ ọ́ padà. Dókítà pè mí sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, agolo kò dára fún ọmọ yìí mọ́. Ó fẹ́ ọmú. Wá ọmú kíákíá." Mo bi í pé bí a kò bá rí i ńkọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Nínú ẹbí Ọmọ́yẹni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́mọ lọ́wọ́, wàrà tirẹ̀ kò sì tó ọmọ rẹ̀. Nínú ìjọ, àwọn méjì ń fún ọmọ lọ́mú. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n káàánú, wọ́n sunkún pàápàá, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù kó má lọ fa ikú wá sórí àyà àwọn náà. Mo fẹ́ bá wọn jà. Mo rántí Mátírọ́ọ̀nù, mo gbọ́ tiwọn tán, mo sì tún bá wọn jà díẹ̀.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni Tàjùdéèn tó ń fọ ọkọ̀ dá mi dúró. Ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, Tàwàkálítù ńkọ́?" Mo mọ̀ ọ́n. Ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Mùstàfá ọmọ rẹ̀ ju Bọ́lájí lọ díẹ̀, ó sì sanra bí ọ̀pọ̀lọ́ òjò. Mo ní Mùsùlùmí ni wọ́n kẹ̀. Tàjùdéèn rọra fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Èmi náà ńkọ́? Ṣé ẹ kò mọ̀ pé Mùsùlùmí ló ń wà yín kiri ni?"

Ojú tì mí. Mo ní kó jẹ́ ká lọ.

Jímọ́ọ̀, 31 Jánúárì. Ikógòsì.

Ọkọ Tàwàkálítù ń jẹ́ Àmúsà. Bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá dó síbí, orí ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí òun sí. Ó tẹ́ ẹní fún wa, ó sì gbọ́ ẹjọ́ wa tán. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́bàá ògiri, Mùstàfá ń sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá Nọ́ọ̀sì," Àmúsà ló ń sọ̀rọ̀, "n kò ní rárá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Ìyá Ọmọ́yẹni mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Nínú ẹ̀sìn wa, ọmú kì í ṣe oúnjẹ lásán. Ọmọ tó bá mu ọmú ìyàwó mi, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ mi ni. Mùstàfá ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò lè fẹ́ ara wọn láéláé. Bí mo bá sì ti pè é lọ́mọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá sọ lọ́la pé kí n jáwọ́."

Mo yára ní kò sí ìyọnu, ọmọ yóò kàn mu ọmú ni, ìgbà tó bá gbó tán a ó gbé e padà. Tàjùdéèn tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àmúsà ní, "Ẹ kò gbọ́ mi yé, Màmá. Kò sí pé a ó gbé e padà. Ó lè máa gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, ó lè máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mi ni síbẹ̀."

Tàwàkálítù wá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní òun ń gbààwẹ̀, wàrà òun náà ti ń fà sẹ́yìn, òun kò lè fún méjì lọ́mú báyìí. Àmúsà ní Tàjùdéèn ti sọ ọ́ fún òun lánàá, òun sì ti bi ààfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀: aboyún àti abiyamọ lè ṣínu nítorí ọmọ, kí wọ́n san án padà bó bá yá. "Bó o bá gbà," ó ń wo ìyàwó rẹ̀, "ìwọ ni ọmú wà lára rẹ."

Ó ní, "Èmi ti gbà láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ lókèèrè. Ìyá àgbà rẹ̀ ni kó gbà."

Ọmọ́yẹni kò gbà. Kò tíì gbà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, ó ń rìn ká inú ilé. "Rótìmí ní kí mo tọ́jú ọmọ fún òun. Ọmọ kan ṣoṣo lọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Kí mo wá sọ fún un pé mo ti wá bàbá mìíràn fún ọmọ rẹ̀ kó tó dé?" Mo ní ọmọ tó bá kú kò ní bàbá kankan. Ó ní òun mọ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, dákẹ́ díẹ̀."

Ní ilé Kátíkíìsì, ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú wa. Àgbà ìjọ kan ní bó bá pọn dandan, kí a tètè ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà kó tó kan ọmú ọ̀hún. Òmíràn ní ṣé kò sí ewúrẹ́ tó ń fún wàrà ni. N kò lè purọ́ nínú ìwé ti èmi nìkan ń kà: inú èmi náà kò balẹ̀. Èmi tó ṣe Àmín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, mo tún ń rò ó pé kí ni Ìbàdàn yóò wí, pé a wá wàásù, a wá fi ọmọ Kristẹni fún ilé Mùsùlùmí. Dókítà jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó ní, "Ọmọ yìí kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ ebi."

Sátidé, 1 Fẹ́búárì. Ikógòsì.

Ọmọ́yẹni kò wá pè mí. Òun nìkan ló dá lọ. Ẹkún ọmọ tí n kò gbọ́ ló jẹ́ kí n sáré dé ilé rẹ̀, mo bá a ní òfìfo, mo sì sáré gba ìsọ̀ Àmúsà.

Mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ́yẹni wà lórí ìdúró, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá Àmúsà sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ ohun tí o wí. Ọmọ rẹ ni. Ọmọ Rótìmí ni. Ọmọ ọmọ mi ni. Bí Rótìmí bá bínú, èmi ni kó bá." Àmúsà dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta láàrin àwọn èèyàn yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ẹnikẹ́ni.

Tàwàkálítù gbà á. Bọ́lájí kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó fi ẹnu kàn án, ó yí orí, ó sunkún tí kò dún. Mo ti fẹ́ lọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe, Tàwàkálítù sì ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n fi sílẹ̀. Ó fún wàrà díẹ̀ sí ètè rẹ̀. Ó dúró. Ó tún fún un. Ọmọ náà lá a, ó lanu, ó gbá ọmú náà mú, a sì gbọ́ ọ tó ń gbé e mì, gbúkú, gbúkú.

Ọmọ́yẹni jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Mo sunkún, n kò fi pamọ́.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì. Ayétòrò.

Iṣẹ́ pọ̀. Aboyún kan bí ìbejì sí mi lọ́wọ́ lórí bẹ́ńṣì ilé ẹ̀kọ́, wọ́n yè, ìyá yè. N kò lè sọ pé ọkàn mi wà níbẹ̀ tán. Mo ní kí Tàjùdéèn fi ọkọ̀ gba Ikógòsì kọjá bó bá ń lọ ra epo, ó ní ibẹ̀ kọ́ ni epo wà. Ó lọ ṣá. Ó padà dé, ó ní Bọ́lájí ń mu ọmú, ó ń tọ̀.

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì. Ikógòsì.

Òní ni Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Tàjùdéèn ní Ọlọ́run ṣeun, ẹ̀yin náà wá jẹ ìyà díẹ̀.

Mo gbé Bọ́lájí sórí ìwọ̀n. Ó ti kúrò níbi tó wà. Itan rẹ̀ ti ní ìdì kan. Ọmọ́yẹni ń gbé e lọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́; Tàwàkálítù ní kí ó kúkú máa fi í sílẹ̀, ó ní rárá, òun fẹ́ máa rìn. Òun náà ló ń gbé igi ìdáná lọ fún wọn. Mo rí i tó ń se omi fún Tàwàkálítù mu, ó ń hó yẹẹ. Ó rí mi, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo gbé e ka uná tèmi."

Sátidé, 15 Fẹ́búárì. Ikógòsì.

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Àmúsà gbé ẹran ránṣẹ́ sí ilé Kátíkíìsì. Lẹ́ńtì ni, gbogbo wa jókòó yí àwo náà ká tá à ń wò ó. Dókítà ní kí a má ṣe fi ẹran aládùúgbò ṣòfò. Kátíkíìsì gbàdúrà tó gùn jù lọ tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì jẹ ẹran náà.

Túsìdeè, 18 Fẹ́búárì. Ẹ̀fọ̀n.

A gbọ́ pé Rótìmí ti dé Ìbàdàn, ó ń wá ọkọ̀. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ta ni yóò sọ fún un? Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ ọ́ kiri pé Ọmọ́yẹni ti fi ọmọ tọrẹ. Bó bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ Tàwàkálítù, tó gbé e lọ, ó tún di agolo nìyẹn. Mo ti tò ó sínú bí n ó ṣe bá a sọ ọ́, mo ń sọ ọ́ fún ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 27 Fẹ́búárì. Ikógòsì.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ ń rùn dáadáa. A ti ń di ẹrù, ọ̀la ni a ó lọ.

Rótìmí dé lọ́sàn-án. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọ̀dọ́, ṣòkòtò rẹ̀ kún fún eruku gbogbo ọ̀nà láti Gánà. Ibojì ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó padà, ó wólẹ̀ fún Ọmọ́yẹni, wọ́n di ara wọn mú. Ó wá bi í pé, "Ìyá, ọmọ ńkọ́?"

Ọmọ́yẹni sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láìfi nǹkan kan pamọ́, láìbẹ̀bẹ̀: ẹ̀kọ, agolo, omi orísun, ọmú, ọ̀rọ̀ Àmúsà. Gbogbo ohun tí mo tò sínú ti di asán. Ojú Rótìmí kò yé mi. Ó ní, "Ẹ mú mi lọ."

Nílé Àmúsà, òjò ti lé gbogbo wọn wọlé. Àmúsà dìde nígbà tó rí i, kò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Àwọn ọmọ méjèèjì ń sùn lórí ẹní kan, ìró kan ló bò wọ́n dé ọrùn, orí méjì tí wọ́n fá kodoro, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́rin tó kún. Rótìmí kúnlẹ̀ tì wọ́n. Ó tú ìwé kékeré kan látinú àpò rẹ̀, yẹtí wúrà wẹ́wẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ó wo orí kan, ó wo èkejì. Ó wo àwa tí a dúró.

"Èwo ni tèmi?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ orí yẹn láti ìgbà tí àwújẹ̀ rẹ̀ ti jìn. Mo lanu. Ọmọ́yẹni di ọwọ́ mi mú.

Tàwàkálítù ló bẹ̀rẹ̀, tó gbé wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tó kó àwọn méjèèjì lé e lọ́wọ́. Yẹtí náà bọ́ sílẹ̀. Àmúsà kúnlẹ̀, ó ń fi ìka wá a nínú ẹní, ó rí ọ̀kan, ó ń wá èkejì. Rótìmí mú àwọn ọmọ náà mọ́ àyà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó ń sunkún, kò sì tún béèrè mọ́.

N kò sọ nǹkan kan.